Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ọpọ́n Ike Wọ́ Mi Gba Abẹ́ Títì

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo fi kọ́kọ́ mọ Greenbelt, ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Bí o bá jáde nílé wa, tí o tọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba àárín àwọn igi ńláńlá kọjá, wàá dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà gẹ̀rẹ́. Títì ọlọ́kọ̀ á wà lókè orí rẹ, ihò gbọọrọ kan á sì la abẹ́ rẹ̀ já sí òdìkejì. Inú ihò yẹn ni òórùn náà ń gbé: sìmẹ́ńtì tí kì í rí oòrùn, ewé tó ti jẹrà, omi tó ń sun lára ògiri, àti ìtọ̀ ajá. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Ìbàdàn. Ibi tó bá ṣókùnkùn, tí a ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, a kì í fi ẹsẹ̀ wa wá a lọ. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Seat Pleasant tí kò jìnnà síbẹ̀, mi ò gba ibẹ̀ rárá. Orí títì ni mo máa ń gùn lọ, n ó wo ọ̀tún, n ó wo òsì, n ó sì sáré sọdá láàárín ọkọ̀, torí pé ọkọ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ihò.

Ìlú náà kò jọ ibì kankan tí mo ti gbé rí. Ìjọba ló ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀, láyé ìgbà tí àìríṣẹ́ṣe ń jẹ àwọn ará Amẹ́ríkà níyà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àwọn ilé so mọ́ra ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n kọjú sí ọgbà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n wá kẹ̀yìn sí ọkọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ, o lè rìn dé ibi ìtajà, ilé ìkàwé, ilé sinimá kékeré, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti adágún omi tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, láìsọdá títì kankan. Ó dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo àlejò wa ló ń sọnù. Ẹni tó bá wa mọ́tò wá, ẹ̀yìn kíṣìnnì àti garawa ìdọ̀tí ló máa bá pàdé. Pásítọ̀ wa kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbàdúrà sí ilé wa, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti ṣìlé. A rẹ́rìn-ín sí i títí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà máa di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ìyá àgbà kan ló bá wa pín ògiri. Òyìnbó Scotland ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà sì ti kú. Màmá Scotland ni mo máa ń pè wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn orúkọ náà. Glasgow ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n Cumbernauld ni wọ́n ti dàgbà, ìlú tuntun kan tí ìjọba tiwọn náà yà sórí ìwé tí wọ́n sì kó àwọn ará Glasgow lọ síbẹ̀. Bí a bá jókòó níwájú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìròyìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún mi. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, atẹ́gùn ibẹ̀ lè gba fìlà lórí bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sórí àpáta. Afárá àti ọ̀nà abẹ́ títì ni àwọn ọmọdé ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́. “Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá,” ni wọ́n sọ fún mi, “mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, torí kò sí ìdí rẹ̀.” Àwọn ló di ọwọ́ mi mú la ihò yẹn kọjá nígbà àkọ́kọ́. Mo ń gbà á lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n mo máa ń yára, ọwọ́ mi á sì wà lórí fóònù.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́ wa, dókítà sọ fún mi pé ibi ọmọ, èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde, jókòó sísàlẹ̀ jù, ó dí ojú ọ̀nà. Wọ́n máa fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà wọn ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún mi. Màmá mi ti Ìbàdàn wá láti tọ́jú mi. Wọ́n gbé ata gbígbẹ àti ọṣẹ dúdú wá, wọ́n sì ń rojọ́ òtútù fún gbogbo ẹni tó bá pè wọ́n lórí fóònù. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a lọ sílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n kéde pé yìnyín ń bọ̀. Ọkọ mi ń bá ibùdó ológun òfúrufú ní Camp Springs ṣiṣẹ́. Ó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun á tètè dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, títì ti dí, wọ́n ní kí gbogbo wọn sun ibẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ariwo kankan níta. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn. Òjò tiwa máa ń kéde ara rẹ̀ lórí páànù, yìnyín kì í sọ̀rọ̀. Ó ti ga dé àbọ̀ ilẹ̀kùn, ó ti bo garawa, ó ti bo àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn ilé, a ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ìró ẹ̀rọ amúlégbóná. Màmá mi dúró lójú fèrèsé, wọ́n ró ìró méjì lórí súwẹ́tà, wọ́n ní, “Ta ló wá tú òwú sílẹ̀ tó báyìí?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo dìde láti gbé ife tíì mi lọ sí kíṣìnnì, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ mi gbóná.

Kò dùn mí. Ká ní ó dùn mí ni, ẹ̀rù náà ì bá ṣe díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa gan-an, tó ń dà láìsí ìrora, nínú oyún tó ti gbó, tí ibi ọmọ sì wà nísàlẹ̀: mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò rí, mo sì gbà á. Mo mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo mọ bí awọ ojú obìnrin ṣe ń funfun, mo mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí yán, mo mọ ohùn tí dókítà máa ń fi sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí gbọ́. Ìmọ̀ dára, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn màmá mi tí kò ka ìwé nọ́ọ̀sì ní ìrètí jù mí lọ. Mo rọra dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì.

Obìnrin tó gbé fóònù náà fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ ti gbéra, kí n má paná fóònù, kí n má dìde. Màmá mi ń ká ìró wọn, wọ́n ń fi tẹ́ ìdí mi, wọ́n ń pe orúkọ Jésù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin náà bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó padà sọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ pàjáwìrì ti dé ẹnu àdúgbò wa, ṣùgbọ́n kò lè wọlé. Kátakátá tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì ńlá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹnu ọ̀nà kékeré tiwa, ó ga bí ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Méjì nínú wọn ti gorí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń rí, gbogbo rẹ̀ funfun, kò sí nọ́ńbà tó hàn. “Ṣé ẹ lè fi nǹkan kan kọ́ ojú fèrèsé kí wọ́n rí i?” ló bi mí. Mo gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn òun náà. Bí ẹ̀rù bá ti ba ẹni tó yẹ kó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, ta lo tún fẹ́ gbára lé?

Màmá mi kò gbọ́ gbogbo òyìnbó náà, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú mi. Wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n bọ́ sínú yìnyín tàwọn ti sálúbàtà, wọ́n fi igbe ta. “Ẹ gbà wá o! Ẹ gbà wá! Ẹ dákun, ọmọ mi ń lọ o!” Mi ò tíì gbọ́ kí màmá mi ké bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Ohùn náà jáde lọ sáàárín ọgbà funfun yẹn, ó sì padà wá. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn Màmá Scotland ṣí.

Wọ́n wọlé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo mí, ojú wọn yí padà bí ẹni tó rí òkú tó mọ̀. Mo rí i pé wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohùn tíṣà sọ̀rọ̀. “Ká gbàgbé títì. Wọn ò kọ́ ìlú yìí nítorí títì.” Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ pàjáwìrì yí padà, kí wọ́n lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà abẹ́ títì lápá ibi ìtajà, nítorí wọ́n ti gbá títì ibẹ̀. Obìnrin inú fóònù ní kí wọ́n má gbé mi kúrò lójú kan. Màmá Scotland bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ìwọ ni nọ́ọ̀sì. Ṣé ká dúró ni, àbí ká gbé ọ?”

Mo mọ̀ pé gbígbé mi léwu. Mo tún wo aṣọ tó wà ní ìdí mi. Mo ní, “Ẹ gbé mi, Ma.”

Ọpọ́n ike gbọọrọ pupa kan wà lẹ́yìn ilé wọn, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sí láti yọ̀ sísàlẹ̀ òkè bí yìnyín bá bọ́. Ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni. Wọ́n fi kùbùsù tẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó gbé mi sínú rẹ̀, wọ́n ti bọ́ síta, wọ́n ń pariwo láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn: “Ṣọ́bìrì! Ẹ mú ṣọ́bìrì jáde! Obìnrin olóyún ń bọ̀!” Ọkùnrin gíga tó ń gbé ní igun, tí kì í kí èèyàn, ló kọ́kọ́ jáde. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló gbé mi sínú ọpọ́n. Ó mú okùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ìwọ náà rò ó wò. Mo dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, yìnyín ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ̀tún àti ní òsì, mi ò rí ju ẹ̀ka igi àti ojú ọ̀run lọ. Mo ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì níwájú, krọ́ọ̀, krọ́ọ̀, krọ́ọ̀, àwọn èèyàn tí mi ò rí ojú wọn ń la ilẹ̀ fún wa. Bí a ṣe ń bọ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ iwájú tiẹ̀, ó sì bọ́ sí ti ẹnìkejì. Ẹnì kan ju kóòtù bò mí, mi ò mọ ẹni náà di òní. Màmá mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bàtà òjò Màmá Scotland tí kò bá ẹsẹ̀ wọn mu, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọn ò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Inú gbogbo ìfẹ́ yẹn ni mo ti ṣàkíyèsí pé ọmọ náà ti dákẹ́. Òun tó jẹ́ pé bí mo bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí, yóò ta mí nípàá bí ẹni ń bínú. Mo fi ọwọ́ tẹ ikùn mi. Kò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

A dé ẹnu ihò náà. Yìnyín kò sí nínú rẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ni, ọpọ́n kò sì lè yọ̀ mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbé mi sókè, ohùn wọn ń dún padà lára ògiri débi pé mi ò mọ ẹni tó ń sọ èwo. Òkùnkùn bò mí lójú, mi ò sì mọ̀ bóyá ti ihò ni àbí tèmi. Ẹnu màmá mi, tí kò sinmi àdúrà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ti dákẹ́. Mo ní, “Màámi, ẹ sọ̀rọ̀.”

Wọ́n ní, “Mi ò rí nǹkan sọ mọ́, ọmọ mi. Ṣáà di ọwọ́ mi mú.”

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó gbólóhùn yẹn. Mo ti rò pé ibi yòówù kí n dé láyé, ọ̀rọ̀ á ṣì kù lẹ́nu màmá mi. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ lè tán, kí ó ku ọwọ́ nìkan. Mo dì í mú. Wọ́n gbé ọpọ́n náà sókè, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́rin ní èkejì, bí wọ́n ṣe ń gbé pósí, mo sì ń sọ fún ọmọ inú mi pé, “Jọ̀ọ́, dúró. Dúró díẹ̀ sí i.” Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tún ba ojú mi, àwọn aláṣọ pàjáwìrì ti ń sáré bọ̀ wá pàdé wa pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì wọn.

Mi ò rántí ọkọ̀ náà dáadáa. Mo rántí iná òkè àjà iyàrá iṣẹ́ abẹ, mo rántí ẹnì kan tó ní kí n mí sínú nǹkan. Nígbà tí mo jí, ọkọ mi wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ tutù, irun àgbọ̀n rẹ̀ rí bí ti ẹni tó ti ṣàárẹ̀. Ó ní, “Obìnrin ni. Ó ń mí.” Kò ní ó dára, kò ní ó lẹ́wà, ó ní ó ń mí. Wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ dá èmi náà padà. Ọmọ náà pẹ́ díẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì kí wọ́n tó gbé e fún mi.

A délé, ẹ̀rù náà sì bá wa délé. Bí omi gbígbóná bá ti kàn mí lẹ́sẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, n ó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n ó tún un wò. Ní ọ̀sán kan, Màmá Scotland gbé ọbẹ̀ ọkà bálì wá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì sọ ìtàn Glasgow tí wọn ò sọ rí. Inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, lókè pátápátá, ilé ìyàgbẹ́ kan fún gbogbo ará àjà. Ìyá wọn lóyún, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ti tóóró jù, àwọn tó wá gbé e kò rí ibi yí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ìyá wọn yè é, ọmọ kò yè é. “Orí àtẹ̀gùn náà ni mo jókòó sí,” ni wọ́n wí, “mo ń wò ó.” Nígbà tí wọ́n fún wọn nílé ní Cumbernauld, ìyá wọn kò wo yàrá, kò wo ẹ̀rọ omi gbígbóná tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó na apá méjèèjì láti wo bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì sunkún.

Mo bi wọ́n pé ṣé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ya Greenbelt náà ní lọ́kàn. Wọ́n wo ife tíì wọn. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin dúdú wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kíkọ́ ìlú náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín ilé, òyìnbó nìkan ni wọ́n fún, ó sì pẹ́ gan-an kó tó yí padà. “Wọn ò yà á fún ọ,” ni wọ́n sọ. “Kò yẹ kí n fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ.” Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Ẹni tó mú pẹ́ńsùlù ya ihò yẹn kò fojú inú rí mi. Bó bá tilẹ̀ rí mi, bóyá ì bá ní kí n padà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbà tí mo fi yè. Mi ò lè ṣọpẹ́ fún un, mi ò sì lè bínú sí i tán. Àwọn tí mo mọ̀ ni àwọn tó jáde: ẹni tó fa okùn, ẹni tó ju kóòtù, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ láìbéèrè ọmọ ta ni mí.

Accokeek la wà báyìí. Ilẹ̀ wa fẹ̀, igi pọ̀, kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kankan, bí o ò bá ní mọ́tò o ò débì kan. Ọmọ wa obìnrin ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, òyìnbó ló fi ń dá màmá mi lóhùn lórí fóònù. Nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́yìn tí a kó débẹ̀, ẹ̀rù ìjọ́sí tún dìde sí mi ní àyà, kò jẹ́ kí n jókòó. Mo mú ṣọ́bìrì, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn wa, mo gba àárín igi, mo ń lọ sí ilé kejì tí a kò tíì kí àwọn ará ibẹ̀ rí. Apá ń ro mí, mo sì ń làágùn nínú òtútù. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó ń wò mí. Ó bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kí ni mo ń wá.

Mo ní, “Rárá, sà, kò sí nǹkan. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀nà wà ni.”